Olúwasànmí àti Ifẹ̀: Ṣé ìlú tí wọ́n ti bí gíwá ló ń sọ yunifásítì di ńlá?

Ohun tí ojú rí lẹ́nu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ilé-Ifẹ̀, lóṣù kẹta ọdún 2022, kì í ṣe ohun tí ojú sábà máa ń rí nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì náà ti kéde orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebayo Simeon Bamire gẹ́gẹ́ bíi gíwá tuntun, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ọmọ bíbí Ifẹ̀ yarí kanlẹ̀ pé àwọn kò gbà. Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà, àwọn oníṣẹ̀ṣe wà láàárín wọn pẹ̀lú ohun ìbọ lọ́wọ́, ẹjọ́ tí wọ́n sì ń rò kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ní láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí yunifásítì náà ti wà, kò tí ì sí ọmọ Ifẹ̀ kan tó jẹ gíwá rẹ̀.

Ìjà náà rọlẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bamire sì wọlé sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Sáà ọdún márùn-ún péré ni òfin fún gíwá yunifásítì ìjọba àpapọ̀, kò sì sí àtúnṣe lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, ọdún 2027 ló ń parí, ọ̀rọ̀ ọmọ onílùú àti àlejò yóò sì tún jí nílẹ̀.

Kó tó jí, ó yẹ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn rìn wọ inú ọgbà yunifásítì náà, kí wọ́n gbójú sókè wo orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé-ìkàwé ńlá tó wà níbẹ̀. Hezekiah Olúwasànmí ni orúkọ náà. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni, kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yọ iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí kúrò nínú ìtàn yunifásítì náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù tí ẹnikẹ́ni yóò máa tìtorí rẹ̀ dínà.

Kí a tó lè díwọ̀n iṣẹ́ tó ṣe, a ní láti mọ irú ilé tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Ashby ń gbèrò lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà ní 1959 sí 1960, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìdí tí Ìwọ̀-Oòrùn fi tún nílò yunifásítì mìíràn, nítorí pé Ìbàdàn ti ní ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Ọ̀mọ̀wé Ṣànyà Ọnàbámirò, kò fara mọ́ ìpinnu wọn, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ṣòfin ìdásílẹ̀ yunifásítì náà ní 1961, nígbà tí Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, jẹ́ gómìnà ẹkùn náà. Lóṣù kẹwàá ọdún 1962, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajóṣe tó jẹ́ gíwá àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ti lò kọjá. Yunifásítì Ifẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sí ní Ifẹ̀. Kò sì pẹ́ rárá tí òṣèlú fi wọlé tọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Action Group ti pín sí méjì ní 1962, ìjọba tó wà lórí àga sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi ẹsẹ̀ mú apá kan. Àwọn olùkọ́ kan kọ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, wà lára wọn. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, yunifásítì tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rin, tí kò ní ilé tirẹ̀, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ti tú ká díẹ̀díẹ̀, ló wà nílẹ̀. Òun ni wọ́n gbé fún Olúwasànmí lọ́dún náà.

Ta wá ni Olúwasànmí? Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí Hezekiah Adédùnmọ́lá Olúwasànmí lọ́dún 1919. Kì í ṣe ọmọ tí ọ̀nà ẹ̀kọ́ tètè là fún. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè àkọ́kọ́ ní 1951, ní Morehouse College, ìlú Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló ti kọjá sí Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955. Nígbà tó padà wálé, yunifásítì Ìbàdàn ló ti ń kọ́ni ní ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bamire di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1966 ni ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé Nàìjíríà jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Uboma, nílẹ̀ Ìgbò, jáde, lórí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń dáko, tí wọ́n ṣe ń jẹun, tí wọ́n sì ń náwó. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń kọ́ni n'Ìbàdàn ló lọ jókòó ti àwọn àgbẹ̀ Ìgbò láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti gboyè àkọ́kọ́ yẹn yẹ ní wíwò dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ló ti rí bí wọ́n ṣe ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó di ohun tí ayé ń wárí fún. Benjamin Mays ni ààrẹ Morehouse nígbà tí Olúwasànmí wà níbẹ̀. Ọdún 1894 ni wọ́n bí Mays ní South Carolina. Ẹrú ni wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí, oko owú olóko sì ni wọ́n ti ń jẹun. Ó fi ìyà kàwé dé Bates College, níbi tó ti jáde ní 1920, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní 1935. Ọdún 1940 ló di ààrẹ Morehouse, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀dúdú. Kò pẹ́ tí ogun àgbáyé kejì fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ. Bí iye wọn ṣe ń dín kù, Mays ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tí orí wọn pé tí wọn kò tí ì parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ọ̀nà yẹn wọlé ní 1944 jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Martin Luther King ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mays máa ń bá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ohun tó sì ń tẹnu mọ́ ni pé ọmọ aláwọ̀dúdú kò gbọ́dọ̀ fi òṣì tàbí ìyà ṣe àwáwí fún iṣẹ́ tí kò dára. Kì í fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ṣeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ fún un lórúkọ àwàdà nítorí pé ó le koko bó bá di ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n jẹ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe ààrẹ, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1967. Nígbà tí wọ́n pa King lóṣù kẹrin ọdún 1968, òun ló sọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí òkú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú ọgbà Morehouse. Kò lọ sinmi sílé lẹ́yìn náà. Láti 1970 títí di 1981 ló fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ìwé ìjọba ìlú Atlanta, ó sì papò dà ní 1984.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ Mays fi bá ti Ifẹ̀ mu ni pé kì í ṣe ọmọ Atlanta, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia. Àjèjì ló jẹ́ ní ìlú tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dárúkọ Morehouse lónìí, orúkọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan náà ló sì gba ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wọlé, tó kọ́ ọ, tó sì fún un lóyè. Bí Morehouse bá ti ní ọmọ onílùú nìkan ni yóò jókòó, Olúwasànmí ì bá wá ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí Olúwasànmí gorí àga ní 1966, gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń mì. Lóṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n pa Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, n'Ìbàdàn. Ogun abẹ́lé ti ń yọ orí. Ènìyàn ì bá ní kí gíwá tuntun fara balẹ̀ síbi tó wà, kó máa wo bí ilẹ̀ yóò ṣe mọ́. Ohun tí ó ṣe yàtọ̀. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1967, ó kó yunifásítì náà kúrò n'Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fún un, èyí tó lé ní 11,000 hẹ́kítà. Ìkọ́lé kò tí ì parí. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ó mọ̀ pé ilé tí a kò bá gbé, aláǹgbá ni yóò gbé e.

Àwòrán ilé tí wọ́n ń tẹ̀ lé ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, ló ya á, pẹ̀lú àwọn ayàwòrán-ilé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọgbà náà yóò rántí àwọn ilé gíga tí òkè wọn fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, bí ìgbà tí a bá da òrùlé dé orí ara wọn. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ilé òkè ló ń ṣíji bo ilé ìsàlẹ̀, oòrùn kì í ràn wọlé tààrà, òjò kì í sì í bẹ́ wọlé, atẹ́gùn ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ gíwá ni pé kí ohun tó wà lórí ìwé di ilé, kó sì máa bá a lọ bí ìjọba ti ń yí padà, tí owó ìlú sì ń bá ogun lọ. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tó lò, ó mú un ṣe. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni, ti ìṣègùn àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà lára àwọn tó fìdí múlẹ̀ lákòókò rẹ̀.

Ilé kọ́ ni yunifásítì, ènìyàn ni. Ibi tí orúkọ Olúwasànmí ti tàn jù ni irú àwọn ènìyàn tó kó jọ. Michael Crowder, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní Ifẹ̀ láti 1968 sí 1971. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ìlú gan-an ni wọ́n dá ibùdó Orí Olókun sí, kì í ṣe inú ọgbà yunifásítì, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà, onílù àti eléré ìlú lè bá àwọn olùkọ́ jókòó pọ̀. Ọlá Rótìmí, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ̀, ló kọ eré 'The Gods Are Not to Blame', Orí Olókun ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1968. Solomon Wangboje, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó, ló ń darí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Akin Euba wà nídìí orin, Peggy Harper tó wá láti Gúúsù Áfíríkà wà nídìí ijó. Kò sí ìbéèrè pé ọmọ ta ni ọ́. Ohun tí o lè ṣe ni wọ́n ń wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babs Fáfúnwá, ọmọ Èkó, ló sì ṣe èyí tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá máa rántí. Ní 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ìkọ́ni bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A', ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé tó ń jíròrò lórí fífi èdè abínibí kọ́mọ ló ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà. Ní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ìjọba kan náà ní àwọn ti fagi lé e. Ohun tí Ifẹ̀ ti fi hàn kedere lábẹ́ Olúwasànmí ni Àbújá tún ń ṣe iyèméjì lé lórí.

Ọdún 1975 ni nǹkan yí padà. Ọdún yẹn ni ìjọba ológun Murtala Mohammed gba ipò, tí wọ́n sì lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ jákèjádò ilẹ̀ yìí. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ gba àwọn yunifásítì ẹkùn mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Olúwasànmí náà kúrò lórí àga gíwá ní 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tó kó yunifásítì dé ilé rẹ̀ kò wà níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ilé náà bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun. Ní 1980 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìkàwé náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní 1983, ó jáde láyé.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tí ènìyàn lè bi iṣẹ́ rẹ̀ léèrè. Owó tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná, ara kòkó ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwọn ilé gíga n'Ifẹ̀ ń dìde ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn náà ń dìde, ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí owó orí tó ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀ ló wà nípò gíwá, àwọn àgbẹ̀ ló sì ń ru ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n òun gan-an ló dáhùn ìbéèrè ẹni tó ni yunifásítì. Ifẹ̀ ló fún un nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Àmọ́ àgbẹ̀ Òǹdó, ti Èkìtì, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú ló fún un lówó. Bí a bá ní kí onílẹ̀ máa mú gíwá wá, kí ni a ó sọ fún ẹni tó san owó bíríkì?

Ẹjọ́ àwọn ọmọ Ifẹ̀ kò ṣeé dà nù síbẹ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń dá, tó wá ń wo àwọn àjèjì bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde fún ọgọ́ta ọdún, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó béèrè ni ìtọ́jú aláìsàn tó péye, ilé-ìwé tó dára fún ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú, omi àti ọ̀nà. Gbogbo ìlú ni èyí yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àga gíwá kò dé ọ̀dọ̀ ju ẹnì kan lọ, bí ẹni náà kò bá sì mọṣẹ́, orí ìlú tó gbé e wá ni ìtìjú rẹ̀ yóò dé sí. Bí ọmọ Ifẹ̀ kan bá sì peregedé ju àwọn tó kù lọ, kó gbà á. Kì í ṣe ojúrere ni yóò jẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ìtàn ti kìlọ̀ fún wa rí. Ní 1965, wọ́n gba ipò gíwá Yunifásítì Èkó lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, wọ́n sì gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàbúrì Bíòbákú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wọ̀ ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ dàrú, akẹ́kọ̀ọ́ kan gún Bíòbákú lọ́bẹ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. N'Ìbàdàn, lẹ́yìn tí sáà gíwá kan parí lóṣù kọkànlá ọdún 2020, nǹkan bí ọdún kan kọjá kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n yàn gan-an, ní 2021, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí Ìbàdàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń fà. Ewu kejì ń bọ̀ láti òkè. Òfin 2003 lórí òmìnira yunifásítì fi yíyan gíwá sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ aláṣẹ, síbẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tú ìgbìmọ̀ Yunifásítì Àbújá ká, ó sì yọ gíwá rẹ̀ nípò. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́ ìdí rẹ̀, yunifásítì tí ìlú ń fà láti ìsàlẹ̀, tí ìjọba sì ń fà láti òkè, fífàya ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí àsìkò bá tó ní 2027, ìbéèrè tó yẹ kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ Ifẹ̀ gbé síwájú àwọn tó ń du ipò kò nira. Kí lo ti kọ́ rí tó ṣì dúró? Àwọn wo lo kó jọ rí tí wọ́n sàn jù ọ́ lọ? Kí ni àwọn tó gba ọwọ́ rẹ kọjá dà láyé? Mays lè fi Martin Luther King dáhùn. Olúwasànmí lè nawọ́ sí odindi yunifásítì. Àwọn tó ń kàwé lónìí nínú ilé-ìkàwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ bóyá Ifẹ̀ tàbí Ìpetu ni wọ́n ti bí i. Ìwé tó wà lórí tábìlì ni wọ́n ń wò, iná sì ń tàn lókè orí wọn.